Hóró Afẹ́fẹ́ Nínú Rọ́bà

Ìyá kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá omi tí wọ́n ń fà sí Ìyanuolúwa, ọmọ rẹ̀, lára dúró. Ìgbẹ́ gbuuru ti fa ọmọ náà gbẹ. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbé e wá sílé ìwòsàn kékeré kan l'Érúnmu, wòlíì sì ti kìlọ̀ pé kó ṣọ́ra fún obìnrin aláṣọ funfun. Bí nọ́ọ̀sì ṣe wọlé nínú aṣọ funfun, ìyá náà ò gbójú kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Bí omi ṣe ń kán, bẹ́ẹ̀ ni hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ń bá a wọnú rọ́bà tí nọ́ọ̀sì fi fa omi sí ọmọ lára, tí wọ́n ń sáré lọ sọ́wọ́ ọmọ.

“Nọ́ọ̀sì, kí lẹ fi sínú ẹ̀?”

“Mà, omi tó ń kán ló ń gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìyẹn ò tó pa ọmọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án o.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì yà sọ́dọ̀ aboyún tó ń rọbí. Ìyá náà ká ọwọ́ aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun sókè, ó yí ohun tó ń dín omi kù lára rọ́bà náà títí omi fi dúró. Hóró afẹ́fẹ́ kankan ò kọjá mọ́.

“Jésù, o ṣeun!”

Kí nọ́ọ̀sì tó padà dé, ẹ̀jẹ̀ ti dì sẹ́nu abẹ́rẹ́. Ó wá iṣan ẹ̀jẹ̀ mìíràn lápá, lẹ́sẹ̀, títí dé orí. Gbogbo rẹ̀ ti rì, kò síbi tí omi lè gbà wọlé mọ́.

Wọ́n sin Ìyanuolúwa kí oòrùn tó wọ̀.