Eyín Nínú Ikùn Jasna

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á débi tó parí sí, pàápàá ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ mọ gbogbo nǹkan.

Radojka kò gba dókítà gbọ́. Ní àdúgbò rẹ̀ lẹ́bàá odò Morava, òun ni dókítà. Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́, atẹ́gùn ojú fèrèsé ló fà á. Bí inú bá ń run obìnrin, orí òkúta tútù ló jókòó sí. Ọtí rakija ni oògùn gbogbo rẹ̀: mu díẹ̀, fi ìyókù para.

Jasna, ìyàwó Nenad ọmọ rẹ̀, ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú lápá kan, ó sì ń dùn ún. Radojka fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Ọkùnrin ni."

"Màmá, mo ṣì ń rí nǹkan oṣù mi."

"Oyún ọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú oyún ni agídí wọn ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Mo fi ìtọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí oyún."

"Ìtọ̀ ló bí Nenad ni?"

Jasna ní òun fẹ́ lọ ṣe síkáàn. Radojka kọ̀. "Kí wọ́n lọ tanná sí ọmọ lójú? Kí gbogbo nọ́ọ̀sì máa fojú burúkú wò ó? O ò lọ."

Nenad, géńdé ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ní ohun tí Màmá bá sọ náà ni. Ẹ̀yin ọkọ, ṣé oúnjẹ nìkan ni ẹnu yín wà fún ni?

Nígbà tí gbogbo àdúgbò ń sun tàtàṣé tí wọ́n fi ń ṣe ajvar, ata dídín tí wọ́n ń fi sínú ìgò de ìgbà òtútù, Radojka ti sọ ọmọ lórúkọ: Svetozar, orúkọ ọkọ rẹ̀ tó kú. Ljubinka, aládùúgbò rẹ̀, bi í pé, "Ṣé síkáàn ló sọ pé ọkùnrin ni?"

"Ọwọ́ mi ni síkáàn."

Ọjọ́ kan ni ìrora wá le. Radojka ní ọmọ ló dábùú. Ó tẹ́ Jasna sórí àga gbọọrọ, ó da rakija lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i níkùn, ó wá ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Nǹkan kan já lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ojú Jasna funfun báláú. Nenad gbé e sọ́kọ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Wọ́n ṣe síkáàn, wọ́n ya ẹ̀sírè. Dókítà obìnrin kan gbé àwòrán jáde.

"Eyín ló wà nínú ikùn rẹ̀."

Radojka fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. "Ọlọ́run ṣeun. Mélòó?"

"Mẹ́ta. Ṣùgbọ́n, Ìyá…"

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí eyín ọmọ ló ń ra ẹ̀wù fún un. Radojka di dókítà lápá aṣọ mú. "Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i. Ṣẹ́ẹ̀tì di dandan. Búlúù ni kó o rà." Ó ti ń pe Ljubinka lórí fóònù. "Eyín mẹ́ta! Ọmọ-ọmọ tìẹ pé ọdún kan, kò ní ẹyọ kan."

Dókítà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á.

"Kò sí ọmọ níbẹ̀. Kókó ni, inú ilé ẹyin rẹ̀ ló ti hù. Ẹyin tó yẹ kó di ọmọ ló dá dìde fúnra rẹ̀, tó ń hu eyín, irun àti ọ̀rá. Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, à bá yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ká dá ilé ẹyin sí. Ó ti bẹ́ báyìí. Ọ̀rá rẹ̀ ti dà sáàárín ìfun. Ó ṣọ̀wọ́n kí irú rẹ̀ ṣàdédé bẹ́. Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Radojka wo àtàǹpàkò rẹ̀.

"Màmá ni," Nenad dáhùn.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Jasna. Kò kú. Ṣùgbọ́n ilé ẹyin kan ti lọ, inú rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ra. Bóyá yóò bímọ, kò sí dókítà tó lè búra. Nígbà tó jí, Radojka gbé ọbẹ̀ adìyẹ wá, ó fẹ́ gbé orí Jasna sókè.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ gbé e síbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn mí."

Jasna àti Nenad ti kó lọ sí òdìkejì odò. Bí Radojka bá lọ ra búrẹ́dì, wọ́n á bi í bóyá Svetozar ti ń jẹ egungun.

Mo bẹ̀ yín, ọwọ́ kì í ríran. Bí nǹkan bá wú níkùn obìnrin, bí kórópọ̀n ọkùnrin bá le bí òkúta, ẹ má tijú, ẹ má para, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.