Ibi tí Bàbá Fi Ohùn Tẹ̀

"Ẹ tún un pè, sà," ni dókítà wí. Agbárí bàbá kan tó ń ta irinṣẹ́ ìṣègùn wà ní ṣíṣí lábẹ́ iná yàrá iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n kò sùn. Ó ní láti máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ọ̀bẹ bá ṣèèṣì kan ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá nínú ọpọlọ.

Bàbá tún pe orúkọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ ẹyinjú wò: "Ọf-ta-MỌ́-skoopu."

Ọwọ́ dókítà dúró. Orí "ta" ló yẹ kó ti fi ohùn tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe orí "mọ".

Bàbá bèèrè pé: "Dókítà, ṣé ẹ ti ba ẹnu mi jẹ́ ni?"

Dókítà ní kí nọ́ọ̀sì pe ìyàwó bàbá lórí fóònù.

"Mà, báwo lọkọ yín ṣe máa ń pe ọf-TÁ-mọ-skoopu?"

"Ọf-ta-MỌ́-skoopu ni," ni ìyá náà fèsì. "Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń tún un ṣe, kò gbọ́." Ohùn rẹ̀ wá ń gbọ̀n. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ó ti wá ń pè é dáadáa báyìí o!"