Ẹ̀rọ Ìfági Tí Ò Fá Igi

Káfíńtà tan ẹ̀rọ ìfági, bẹ́ẹ̀ kò sí igi kankan lẹ́nu ẹ̀rọ.

Àwọn oníbàárà ò bi í léèrè ìdí mọ́. Látọjọ́ tó ti já bọ́ lórí àkàbà, tó forí gbá kọnkéré, ni etí rẹ̀ ti ń hó yee, bí ẹni pé wọ́n gbàgbé kẹ́tù sórí iná nínú rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ ló ń bo híhó náà mọ́lẹ̀.

Iná lọ. Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́.

Àbúrò rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, nípa ọjọ́ tẹ́ ẹ já bọ́ yẹn..."

Káfíńtà yára fọwọ́ bo etí. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Lọ tan jẹnẹrétọ̀."

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lónìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò gbọ́ ọ. Lọ tan án."

Àbúrò jáde tomijé-tomijé.

Màmá wọn, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, mirí. "Ọkọ mi, ìgbà wo letí yìí tiẹ̀ máa sàn?"

"Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀, màmá."

Irọ́ ni. Ó ti sàn láti ọdún tó kọjá.

Ó rí ọwọ́ tó ti àkàbà lọ́jọ́ náà. Àwọn méjì péré sì ni màmá bí.

Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Etí màmá ni Káfíńtà ń fi ariwo ẹ̀rọ dí.