Ará Ilé Tuntun

Onídìrí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ àfi ojú ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ilé tuntun ti kún ẹ̀yìn ìlú, tí ìsọ̀ sì ṣófo níwájú wọn, kò yọ̀. Ó gbé báàgì, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ wò ó.

Ilé náà pọ̀ lóòótọ́. Wọ́n tò bí eyín, funfun báláú, gbogbo ilẹ̀kùn wọn sì wà ní títì. Ìsọ̀ kan ṣoṣo ló ṣí nínú ìlà ìsọ̀ tó wà níwájú, ti oníbúrẹ́dì. Èrò ti tò síbẹ̀. Onídìrí lọ dúró sẹ́yìn wọn.

"Ṣé àdúgbò yìí lẹ̀ ń gbé ni?" ọkùnrin onífìlà pupa kan tó wà níwájú rẹ̀ béèrè.

Ìbéèrè náà bá a lójijì. Bó bá sọ pé ìsọ̀ lòun wá wò, ta ló mọ̀ bóyá ìyàwó ọkùnrin yìí náà ń dìrí, kó sáré lọ gbà á mọ́ òun lọ́wọ́? Wọ́n ní ògiri létí, ká má tíì sọ èèyàn.

"Ọ̀wọ́ ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni mò ń gbé," ló sọ, ó sì nawọ́ sí ilé kan tí kò mọ onílé rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ilé onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn." Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ibí dáa o, àfi aládùúgbò mi tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn."

Ara Onídìrí balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí aládùúgbò ń dà láàmú, ó dájú pé ó ní aládùúgbò.

"Báwo lo ṣe rí i?" ọkọ rẹ̀ bi í nígbà tó délé.

"Èrò wà níbẹ̀. Àmọ́ mi ò rí aṣọ kan lórí okùn."

"Àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, inú ilé ni wọ́n ń sá aṣọ sí."

"Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Màá padà lọ."

"Ìwọ yìí," ọkọ rẹ̀ ní, "bí wọ́n bá gbé ẹ dé ọ̀run rere, wàá ní kí wọ́n jẹ́ kóo kọ́kọ́ yẹ òrùlé wò."

Kì í ṣe àṣejù. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti ń dìrí láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n náà ti sọ ọ́ gbangba pé ọjọ́ tó bá kúrò níbẹ̀, ọmọ òun tó ń tún aago ṣe ló máa jókòó síbẹ̀, kò sì sí ìpadàbọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò ní wọ bọ́ọ̀sì nítorí irun. Bí ilé tuntun bá já a kulẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rù ọ̀hún sì ń bà á gan-an.

Ó padà lọ, ó tún padà lọ. Àwọn ojú kan náà ló ń bá lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì: onífìlà pupa, ìyá kan tó máa ń fa ọmọ lọ́wọ́, àti bàbá onígíláàsì kan tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára bàtà àwọn èèyàn. Wọ́n ti ń kí ara wọn bí ará ilé.

"Ṣé omi ń yọ dáadáa lọ́dọ̀ tiyín?" ìyá ọlọ́mọ bi í.

"Ó ń yọ. Tiyín ńkọ́?"

"Ó ń yọ."

Onídìrí wo orí obìnrin náà. "Níbo lẹ ti ń dìrí?"

"Ìlú náà ni, àǹtí mi. Ìbá mà dáa o, ká rí ẹni kan nítòsí. Ẹ̀yin náà, níbo lẹ ti ń ránṣọ?"

"Ìlú náà ni. Ìyà ẹ̀ ń jẹ mí."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bá onífìlà pupa ní ibùdókọ̀, búrẹ́dì lábíyá rẹ̀, ó kọjú sí ìlú. Ọkàn Onídìrí kò gbà á. Ta ló ń gbé búrẹ́dì kúrò nílé lọ sí ìlú?

"Ẹ̀ ń gbé búrẹ́dì ròde?"

"Ti ìyá mi ni. Ó fẹ́ràn ti ibí." Ó wo búrẹ́dì tó yọrí nínú báàgì Onídìrí. "Tiyín yẹn ńkọ́?"

"Ti ìyá ọkọ mi ni."

Wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì, oníkálukú ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo búrẹ́dì ẹnì kejì títí wọ́n fi dé ìlú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Díẹ̀ ló kù kó jáwọ́. Ó wá lọ bá oníbúrẹ́dì nígbà tí èrò túká.

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ohun tó máa dùn mọ́ mi nínú o. Ṣé ọjà ń tà lóòótọ́?"

Oníbúrẹ́dì fi àtẹ òfìfo hàn án. "Ìlú ni mo ti ń wá láràárọ̀, mi ò sì tíì gbé búrẹ́dì kan padà rí."

Ohun tí ó fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó gba ìsọ̀ tó wà láàárín. Kó tó kó àga rẹ̀ tán lábẹ́ àtẹ̀gùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé tábìlì aago síbẹ̀.

Ọjọ́ kan náà ni onílé ìsọ̀ fún gbogbo àwọn tó gba ìsọ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí Onídìrí gbé dígí rẹ̀ dé, ilẹ̀kùn ti ṣí lọ́tùn-ún, ó ṣí lósì. Onífìlà pupa ń kan pátákó onígbàjámọ̀ mọ́ ògiri. Ìyá ọlọ́mọ ń nu ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá onígíláàsì ti jókòó sídìí òòlù àti gìgísẹ̀ bàtà.

Wọ́n wo ara wọn.

"Ṣebí ẹ ní ẹ̀ ń gbé ilé onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé?" Onídìrí ní.

"Ẹ̀yin náà ní ọ̀wọ́ ẹ̀yìn lẹ̀ ń gbé."

Onídìrí yíjú sí oníbúrẹ́dì, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e lọ síwájú àtẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló ní, "àwọn wo gan-an ló ń gbé inú àwọn ilé yẹn?"

Oníbúrẹ́dì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣàwàdà, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni?"