Onígbọ̀wọ́ Ìwé Tí Kò Ṣí Ìwé

Àlébù kan ṣoṣo ni ọkùnrin tí à ń pè ní Mo-ti-kà-á ní: ẹnu rẹ̀ kò gba gbólóhùn náà, "N kò mọ̀ ọ́n." Bí o bá dárúkọ ìwé fún un, ì báà jẹ́ èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí ara rẹ rò, á mi orí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Háà, ìyẹn! Mo ti kà á tipẹ́." Kì í kúkú ṣe ènìyàn burúkú. Ọlọ́yàyà ni, ibi tó bá wà kì í tutù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu tó dùn láti gbọ́ ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń kó ìwé jọ, ìwé tí àwọn ènìyàn dúdú kọ: ti àwọn tó wà nílé, àti ti ìran àwọn tí wọ́n kó lọ sókè òkun láyé àtijọ́. Nígbà tí ìwé lé e kúrò lórí ibùsùn, ó háyà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tó ti kógbá wọlé, ó ní òun ó sọ ọ́ di ilé ìkàwé. Kò dúró de ìjọba. Káfíńtà àdúgbò kan pẹpẹ mọ́ ògiri, akunlé kùn ún, ìyá oníbúrẹ́dì kó àga wá láti ilé rẹ̀. Inú gbogbo wọn ń dùn bí ẹni ń retí ọmọ tuntun.

Òfin kan ni agbẹ̀bí fi lélẹ̀. Ìwé kankan kò gbọ́dọ̀ gorí pẹpẹ àfi bó bá ní onígbọ̀wọ́, ìyẹn ẹni tó ti kà á tán, tó sì lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ yá a. Orúkọ onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé.

"Ọmọ tí mo bá gbẹ̀bí ẹ̀, mo máa ń wò ó dáadáa kí n tó gbé e fún bàbá ẹ̀," ni agbẹ̀bí wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé. Ẹni tó bá sì ṣe onígbọ̀wọ́ ìwé jù, òun ni mo máa fa kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, kó di olórí ilé yìí."

Kọ́kọ́rọ́ yìí wọ Mo-ti-kà-á lójú. Kò tíì ṣe olórí ohunkóhun rí láyé rẹ̀, ó sì ń dùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé lọ sílé ní àpò-àpò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á dá wọn padà, orúkọ rẹ̀ á ti wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Àwòrán ara èèpo ìwé nìkan ló ń wò. Ìyókù, orí ara rẹ̀ ló fi ń hun ún.

"Àbúrò mi, o ò sùn ni?" ni agbẹ̀bí bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ló ń gbé mi sùn."

Kò purọ́ níbẹ̀ yẹn, nítorí ó ń fi wọ́n ṣe ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, èrò kún ibẹ̀ dé ojú títì. Bàbá onígbàjámọ̀ wà lára wọn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni kò ti rẹ́rìn-ín mọ́, àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́ àwàdà kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Ọmọ mi, bá mi wá èyí tó máa pa mí lẹ́rìn-ín," ni ó wí.

Mo-ti-kà-á fa ìwé kan yọ tí àwòrán ọkùnrin tó ń jó wà lára rẹ̀. "Bàbá, ẹ mú èyí! Ẹ máa rẹ́rìn-ín títí!"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lọ́jọ́ tí agbẹ̀bí fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, tí gbogbo àdúgbò ti pé, bàbá onígbàjámọ̀ dìde. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wú fún ẹkún.

"Ọmọ mi, ibo gan-an ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀?"

"Àá, bàbá! Ibi tí ìyàwó ọkùnrin tó ń jó yẹn ti ń fi ìgbálẹ̀ lé e kiri ni."

"Ìyàwó ẹ̀ ti kú kí ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ sàréè ẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń jó."

Ìyá oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Abájọ! Bọ̀ọ̀dá, èyí tí ìkòkò wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ ní ìwé oúnjẹ sísè ni, mo wá ọbẹ̀ títí nínú ẹ̀! Àṣé ewì ni, ewì àwọn tí wọ́n lé kúrò nílùú!"

Ni ilé bá dà rú fún ẹ̀rín, káfíńtà ní láti di pẹpẹ mú. Agbẹ̀bí kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń yọ gbogbo ìwé tó ní orúkọ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe tán, pẹpẹ dà bí ẹnu àgbàlagbà tí eyín ti ká. Ojú ti Mo-ti-kà-á débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mi ò kà wọ́n."

"O máa kà wọ́n," ni agbẹ̀bí wí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ ọrùn ara rẹ̀. "Láàárín ilé yìí, sókè, létí gbogbo wa. Ti bàbá ni wàá fi bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, nígbà tó yá, ìtàn náà gbé e lọ. Bó ṣe dé ibi tí ọkùnrin yẹn ti ń jó fún ìyàwó rẹ̀, Mo-ti-kà-á ya ẹnu, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmú. Bàbá onígbàjámọ̀ wò ó títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú un di ikùn mú.

"Nu imú ẹ, ọmọ mi, kí o máa kà á lọ!"

Ayọ̀ gba gbogbo ilé nítorí ẹ̀rín bàbá yìí. Síbẹ̀ ìjìyà kò yẹ̀. Títí di òní, àga àárín ilé ni Mo-ti-kà-á ń jókòó sí, ó ń kàwé sókè, kọ́kọ́rọ́ kò sì tíì dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Kì í ṣe ìtìjú láti sọ pé a kò mọ nǹkan, torí abèèrè kì í ṣìnà. Ohun ìtìjú ni pé kí á torí ipò fi ohun tí a kò mọ̀ lé ẹni tó gbọ́kàn lé wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ júwe ọ̀nà fún ọmọnìkejì, kí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.