Aláìlohùn Tí Wọ́n Pè Lólè

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìtàn dé ìdajì kí ẹ tó dá ẹjọ́ rẹ̀, ẹ dákun, ẹ ka eléyìí tán. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kò ní sùúrù láti ka nǹkan tán, ohun tó sì kó ìtìjú bá a nìyẹn.

1.

Onígbàjámọ̀ kan wà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀sì orí fóònù ti gbà á lọ́kàn. Kò-Sí-Ẹlẹ́gbẹ́ ni orúkọ tó ń jẹ́ lórí ìkànnì tó ti ń ta á. Ẹ bá mi wo ìgbéraga! Á fá apá kan orí oníbàárà, apá kejì á wà níbẹ̀ bí oko tí wọ́n ro dé ìdajì, ọ̀gá á ti sáré lọ sídìí fóònù.

"Ọ̀gá, orí mi ńkọ́?"

"Ẹ ní sùúrù. Ọba mi wà nínú ewu."

Bó bá rí i pé òun fẹ́ pàdánù, kò ní gbà. Á fi eré náà sílẹ̀ kí aago máa kà, á padà sídìí iṣẹ́, kí ẹni tó wà lódìkejì máa retí rẹ̀ títí yóò fi sú u. Ẹni tó bá sì borí rẹ̀ léraléra, olè ni, ẹ̀rọ ló ń ràn án lọ́wọ́. Á fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni ìkànnì náà.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà, ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì. Àgékù pákó ló fi gbẹ́ ọba, ayaba àti ẹṣin tí wọ́n jọ fi ń ta á. Etí pátákó ni àbúrò máa ń gbé ẹṣin tirẹ̀ sá lọ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á gbá a lórí jẹ́jẹ́: "Kí lẹṣin rẹ ń wá létí ògiri?"

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti wá kọlu ẹ̀gbọ́n báyìí. Apá ọ̀tún rọ, ohùn sì lọ. Ìyàwó rẹ̀ kì í yé pe onígbàjámọ̀.

"Ajíṣafẹ́ ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ń wọ̀nà o."

"Ìyàwó wa, mo ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Ọ̀sẹ̀ á lọ, òmíràn á dé. Ẹni tí kò ráyè lọ wo ẹ̀gbọ́n ráyè ta ṣẹ́ẹ̀sì.

2.

Lọ́jọ́ kan, ó ṣe kòńgẹ́ ẹnìkan tó ń jẹ́ Aláìlohùn lórí ìkànnì náà. Aláìlohùn borí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń ké sí i pé kí àwọn tún ta á, ó sì ń borí. Ohun tó ká onígbàjámọ̀ lára jù ni pé bákan náà ni ẹni yìí ṣe ń pẹ́ nídìí gbogbo ìgbésẹ̀, ìbáà le, ìbáà rọrùn. Èèyàn a sì máa yára níbi tó bá rọrùn. Ẹ̀rọ nìkan ni gbogbo rẹ̀ rí bákan náà lójú rẹ̀.

"Ọwọ́ ti bà ẹ́!" Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lójú eré: "Olè! Ẹ̀rọ ló ń bá ẹ ronú. Orí tìẹ ti kú."

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wọlé: "Ẹṣin rẹ".

"Ó tún fẹ́ fi ẹṣin mi ṣe yẹ̀yẹ́!" Kò dúró gba ìyókù. Ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń dí èèyàn lẹ́nu, ó sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí gúrúùpù àwọn tí wọ́n jọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé báwo ló ṣe jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká jọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn!" Wọ́n fẹjọ́ sùn lóòótọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lé Aláìlohùn kúrò níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé màgòmágó ló ṣe. Onígbàjámọ̀ jó yí àga oníbàárà ká.

3.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n tún pè, ẹkún ló ń sun. "Ajíṣafẹ́, ẹ wá o. Ẹ̀gbọ́n yín ò jẹun mọ́."

Ó lọ. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi rọ́bà so fóònù mọ́ pátákó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Eré orí fóònù yìí ni. Dókítà ló ní kó máa fi ọwọ́ tó rọ yẹn ta á, kó lè jí. Bó ti wù kó tètè mọ ibi tó ń lọ tó, ọwọ́ á kọ́kọ́ gbọ̀n, gbọ̀n, kó tó débẹ̀. Ọwọ́ sì ti ń jí, ọkọ mi! Ó ti fẹ́ máa di ṣíbí mú. Àfi bí àwọn kan ṣe ní olè ni, wọ́n lé e."

Onígbàjámọ̀ wo ojú fóònù náà. Aláìlohùn. Èébú tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì wà níbẹ̀: Orí tìẹ ti kú. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bọ̀dá mi, èmi ni. Èmi ni mo ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n yíjú padà. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó fi ọwọ́ òsì wá nǹkan lábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú ẹṣin onígi àtijọ́ jáde, ó sì gbé e sí etí pátákó gan-an.

Ìgbà yẹn ni "Ẹṣin rẹ" tó yé onígbàjámọ̀. Ẹṣin tó ṣì ń sá lọ sétí pátákó ni ẹ̀gbọ́n fi dá a mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àbúrò tí kò wá kí i ló ń ké sí lójoojúmọ́. Onígbàjámọ̀ sunkún bí ọmọdé.

4.

Ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tó ni ìkànnì. Wọ́n ní ìdájọ́ àwọn kò ní àtúnṣe. Ó bẹ gúrúùpù kí wọ́n jẹ́rìí sí i. Àwọn tó pariwo olè lánàá ń bá eré tiwọn lọ.

Ojoojúmọ́ ló ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n báyìí pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀sì onígi. Ẹ̀gbọ́n ti ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń borí. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta á.

"Bọ̀dá mi, ẹ gbé ọ̀tún. Díẹ̀ péré."

Ẹ̀gbọ́n á mi orí. Ọwọ́ tí wọ́n pè lólè kò gbéra mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí ẹ kò rí lójú, tó ń pẹ́ kó tó dá yín lóhùn, ẹ ò mọ ohun tó ń bá fà á. Ẹ má fi ìbínú pe ẹnikẹ́ni lólè nítorí pé ó borí yín. Bí ẹ bá sì ní ẹni tó ń wọ̀nà yín, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ lọ lónìí. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.