Ọ̀bẹ Tí Kò Wọ Korobá

Ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín, nítorí ìsàlẹ̀ ló ti ń dunni.

1.
Ní ìsọ̀ àwọn alápatà kan, òfin kan wà tó dàgbà ju òrùlé ibẹ̀ lọ. Bí ìjà bá fẹ́ bẹ́, bàbá tó jẹ́ olórí wọn á ké pé, "Ẹ ju ọ̀bẹ sómi!" Kíá, gbogbo ọ̀bẹ á wọ korobá omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ku ẹnu tí wọ́n á fi jà.

Ayétilà ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Ní kó kí àgbà, á ní ayé ti là. Ní kó tọrọ àforíjì, ayé ti là. Òun àti àbúrò ẹ̀, ọmọ ìyá ẹ̀, ni wọ́n jọ ń pa ẹran. Ìyá wọn ti sọ fún un pé, "Ọwọ́ ẹ ni mo fi í sí o."

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ayétilà àti alápatà kan tí wọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n ń du ìkọ́ ẹran tó kọjú sí títì. Ayétilà gbá a lẹ́nu, ètè ya. Onírùngbọ̀n fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ dà.

"Ẹ ju ọ̀bẹ sómi!"

Onírùngbọ̀n jù ú. Àbúrò ju tiẹ̀.

"Ayétilà, tìẹ ńkọ́?"

"Bàbá, òfin àtijọ́ nìyẹn. Ayé ti là."

"Ayé là lóòótọ́. Ọ̀bẹ ò tíì gbọ́. Jù ú."

3.
Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ju ọwọ́ tó fi mú ọ̀bẹ sí Onírùngbọ̀n. Àbúrò ti sáré bọ́ sáàárín, ó na ọwọ́ méjèèjì: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e fún mi."

Ọ̀bẹ tó ń la egungun màlúù wọ abẹ́ etí ọmọ náà, ó já sí ọ̀fun. Ẹ̀jẹ̀ tú sára ẹran, ó tú sójú Ayétilà. Ọmọ náà di ọrùn mú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Ó wó lu korobá, omi dà, gbogbo ọ̀bẹ fọ́n sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú ọ̀kankan.

4.
Ìyá wọn dé bá òkú ọmọ náà. Kò sunkún.

"Ọ̀bẹ wo ló wà lọ́wọ́ àbúrò ẹ?"

"Kò sí, Mọ́mì. Ó ti jù ú sómi."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ló tó ju ọ̀bẹ tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló wà báyìí. Síbí ni wọ́n ń fún un láti fi gé ẹran.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ra fóònù tuntun, ẹ wọ aṣọ tuntun, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ òfin àgbà nù, ẹ bi wọ́n léèrè ẹ̀jẹ̀ ta ló ti dà kí wọ́n tó ṣe é. Bí inú bá bí yín, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ jù sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.